ÀKÓÓNÚ ÀTI ÌPOLÓWÓ: ÈWO NI Ó Ń MÚ KÍ ÈRÒ PỌ̀ SÍ I NÍ ÌKÀNNÌ AYÉLUJÁRA?

 

1. Ìfáàrà

Àríyànjiyàn kan ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí a fi dá a sílẹ̀ kò fara sin. A ní téèpù ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó àti oríkì orílẹ̀ tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbà sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn téèpù náà ń bàjẹ́, àwọn apohùn tí ohùn wọn wà nínú wọn sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. A rò ó pé bí a bá gbé wọn sí orí ayélujára, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Ìbàdàn àti èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò lè jọ gbọ́ wọn. A ṣe iṣẹ́ náà tán, a jókòó, a ń retí èrò. Èrò kò wá. Ní oṣù mìíràn, àwọn tí wọ́n yà síbẹ̀ kò tó iye tí yóò kún iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, àwa fúnra wa ni a sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí a pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹnu wa kò kò. Àwọn kan ní kí a fi ìwọ̀nba owó tí ó kù polówó ìkànnì náà. Àwọn mìíràn, tí èmi pàápàá wà nínú wọn, ní kí a fi gba ohùn púpọ̀ sí i sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá dára kì í fara pamọ́ títí. Àwọn ti ìṣáájú pa òwe pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àwa náà dá wọn lóhùn pé ọlọ́bẹ̀ ni ó lọkọ. Owó ọwọ́ wa kò tó ohun méjì í ṣe. Bí a bá ṣì í ná, àwọn àgbà tí a ìbá gba ohùn wọn kò ní dúró dè wá. Ohun tí mo fẹ́ gbà yẹ̀wò lónìí, nígbà náà, ni ìbéèrè tí ìpàdé náà fi sílẹ̀: láàárín àkóónú àti ìpolówó, èwo ni ó ń mú kí èrò pọ̀ sí i ní ìkànnì?

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Kí a má baà máa jà lórí ọ̀rọ̀ tí a kò fi ẹnu kò lé lórí, ó yẹ kí n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí nínú iṣẹ́ yìí. Àkóónú ni gbogbo ohun tí ẹni tí ó dé ìkànnì bá níbẹ̀: ọ̀rọ̀, ohùn, àwòrán, àti bí ó ti rọrùn tó láti kà wọ́n tàbí láti gbọ́ wọn. Ìpolówó ni gbogbo ohun tí onílé ń ṣe ní ìta kí àwọn tí kò mọ ilé rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n: owó tí ó san fún Google tàbí Facebook, ìkéde tí ó ṣe lórí rédíò, ìwé tí ó fi ránṣẹ́ káàkiri. Èrò pàápàá, oríṣi méjì ni. Èkíní ni àlejò, ẹni tí ó yà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èkejì ni oníbàárà, ẹni tí ó tún padà wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni òpómúléró àlàyé mi, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sọ́kàn.

Bí a bá wo ìpolówó ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá fínnífínní, a ó rí i pé àwọn baba ńlá wa kò ya ohun méjèèjì nípá bí àwa ti ń yà wọ́n lónìí. Ẹlẹ́kọ tí ń kiri ní òwúrọ̀ kì í kàn pariwo pé kí ènìyàn wá. Ó ń sọ ohun tí ó rù, ó ń sọ bóyá ó gbóná, ó sì ń sọ ẹni tí yóò gbádùn rẹ̀. Ọjà náà wà nínú ìpolówó rẹ̀. Kò sì jẹ́ purọ́, nítorí pé àdúgbò kan náà ni yóò tún kiri gbà ní ọ̀la. Bí ó bá pe ẹ̀kọ tútù ní ẹ̀kọ gbígbóná lónìí, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró mọ́. Ẹni tí ó ń kọjá ní ìgboro lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni irọ́ lè pé.

3. Ohun tí ìtàn fi yé wa

Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, kọ àbá ètò tí ó di wẹ́ẹ̀bù. Ìkànnì àkọ́kọ́ jáde ní 1991, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ètò náà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìkànnì kò tí ì pọ̀, ènìyàn lè fi ọwọ́ to orúkọ wọn ní ẹsẹẹsẹ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Jerry Yang àti David Filo fi bẹ̀rẹ̀ Yahoo ní 1994. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, Bill Gates, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi pe àkóónú ní ọba, tí ó sì sọ pé inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú owó íntánẹ́ẹ̀tì yóò ti jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó fara mọ́ àkóónú ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ìkànnì pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tò lọ. Ní 1998, Larry Page àti Sergey Brin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá Google sílẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá yàtọ̀. Wọn kò wo ohun tí ojú-ìwé kan sọ nípa ara rẹ̀ nìkan. Wọ́n tún ka iye àwọn ojú-ìwé mìíràn tí ó tọ́ka sí i, èyí tí a ń pè ní líńkì. Bí ènìyàn púpọ̀ bá ń júwe ilé oníṣègùn kan fún aláìsàn, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ onítọ̀hún dára. Bí àwọn tí ń júwe ilé rẹ̀ bá sì jẹ́ oníṣègùn tí a mọ̀ dáadáa, ìjúwe wọn yóò wúwo ju ti ẹni tí a kò mọ̀ rí lọ. Bí Google ṣe ń ka líńkì gan-an nìyẹn. Ẹ ó rí i pé ìjúwe yìí jẹ́ ìpolówó, ṣùgbọ́n àkóónú ni ó bí i, nítorí pé a kì í dédé júwe ilé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Èkíní ni Boo.com, ilé ìtajà aṣọ tí a ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kọkànlá ọdún 1999. Wọ́n polówó rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ kí ó tó ṣí, orúkọ rẹ̀ sì kún inú ìwé ìròyìn. Nígbà tí èrò dé, àwòrán ibẹ̀ wúwo ju ohun tí okùn tẹlifóònù ìgbà náà lè gbé lọ, ojú-ìwé kan sì lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ó tó ṣí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ilé ìtajà náà kógbá wọlé lẹ́yìn tí ó ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 135 owó dọ́là. Ìpolówó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Ilé ni kò ṣeé wọ̀.

Èkejì ni Wikipedia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2001. Kì í ṣe ìkéde tí a fi owó rà ni ó kó èrò jọ fún un. Àwọn ènìyàn ń kọ ọ́, àwọn mìíràn ń tọ́ka sí i, Google sì ń gbé e sókè nítorí àwọn ìtọ́ka náà. Ní ìgbà kan náà, Microsoft ní ìwé ìmọ̀ gbogboògbò tirẹ̀, Encarta, tí ó ti wà láti 1993, tí agbára ìpolówó ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. A pa Encarta tì ní 2009. N kò ní fi èyí purọ́ fún yín: ọ̀fẹ́ ni Wikipedia, owó ni a fi ń ra Encarta, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó fà á. Síbẹ̀, ẹ̀rí náà ṣì dúró pé àkóónú tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ lè fa èrò láìsí alágbe níwájú rẹ̀.

4. Ìdí tí ìpolówó nìkan kò fi tó

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Mo fi èyí ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí ìkànnì méjì bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi owó ìpolówó mú àlejò 1,000 wá ní oṣooṣù. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó wá sí ìkànnì kìn-ín-ní ní oṣù kan, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò padà wá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Nínú mẹ́wàá tí ó wá sí èkejì, mẹ́jọ ni yóò padà wá. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọgbọọgba ni wọ́n: 1,000 sí 1,000. Ní oṣù kejì, ti ìṣáájú di 1,100, ti èkejì di 1,800. Ní oṣù kẹta, ti ìṣáájú di 1,110, ti èkejì di 2,440. Bí ọdún bá gorí ọdún, ìkànnì kìn-ín-ní kò lè kọjá nǹkan bí 1,111 láé, ṣùgbọ́n èkejì yóò máa sún mọ́ 5,000. Bí owó ìpolówó bá wá tán lọ́jọ́ kan, ìkànnì kìn-ín-ní yóò já sí 111 ní oṣù kan, yóò já sí 11 ní oṣù kejì. Èkejì yóò ṣì ní 4,000, lẹ́yìn náà 3,200. Ẹni tí ó ń polówó láìní àkóónú, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi: bí ó bá ṣíwọ́ pípọn, apẹ̀rẹ̀ gbẹ.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yí Google lójú. Wọ́n kọ ọ̀kẹ́ àìmọye ojú-ìwé tí kò ní láárí, tàbí kí wọ́n fi owó ra líńkì. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún líńkì tí kò tọ́ ni ó gbé ilé ìtajà J.C. Penney sókè ní Google. Google sì já a wálẹ̀. Ní oṣù kan náà ni Google ṣe àtúnṣe tí a ń pè ní Panda, èyí tí ó rẹ àwọn ìkànnì tí àkóónú wọn kò jinlẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Penguin tẹ̀ lé e, tí ó dojú kọ àwọn tí ń ra líńkì. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a.

Àwa pàápàá fara gbá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé tí mo sọ, a fún ẹnì kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní owó díẹ̀, ó sì ṣèlérí pé èrò yóò ya lù wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iye tí ẹ̀rọ fi hàn ga sókè lọ́nà tí ó yà wá lẹ́nu. Inú wa dùn títí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà tí ó gbọ́ ohùn kan parí. Àwọn ẹ̀rọ ni wọ́n ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde. Kì í ṣe ènìyàn. A ti san owó fún òjìji.

5. Ìdí tí àkóónú nìkan kò fi tó

Bí mo bá dúró síbí yìí, ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ àkóónú yóò pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n n kò ní tí ì sọ òótọ́ tán. Nínú ìṣirò tí a ṣe, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ó ń padà wá. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́kọ́ wá ńkọ́? Òdo ni ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá òdo. Google fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nígbà ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é, a gbọ́ pé ní ọdún 2021 nìkan, ó san bílíọ̀nù 26.3 owó dọ́là fún Apple àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ yọ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, adájọ́ Amit Mehta dá a lẹ́bi pé ó fi ọ̀nà àìtọ́ dá ọjà náà jẹ. Bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ bá ń san irú owó yìí kí ó lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọjà, a kò lè sọ pé ìwà ní ẹnu ọ̀nà kò já mọ́ nǹkan.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo rò pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ti hàn sí gbogbo ayé. Nígbà tí a yẹ ìkànnì wa wò, a rí i pé a ti fi ọwọ́ ara wa pa á mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ tí ó wà lára páálí téèpù ni a fi pe àwọn ojú-ìwé: «Téèpù 14, Apá Kìn-ín-ní». Kò sí ẹni tí ń wá téèpù kẹrìnlá. Oríkì ìran rẹ̀ ni ènìyàn ń wá. Lẹ́ẹ̀kejì, ohùn nìkan ni a gbé síbẹ̀ láìsí àdàkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Google ń ka ohun tí a kọ sílẹ̀. Ohùn ìjálá tí a kò dà kọ dà bí odi lójú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, fáìlì tí a gbé síbẹ̀ tóbi jù. Ohùn wákàtí kan tí a kò fún pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 635 mẹ́gábáìtì. Bí a bá fún un pọ̀ níwọ̀nba, kò ju nǹkan bí 29 lọ, etí yóò sì gbọ́ ọ ketekete. Ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà kò ní gbọ́ ti ìṣáájú tán.

Ìkẹrin ni ó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá jù lọ. Kí Unicode, ìlànà tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, tó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà wa, lẹ́tà tí a ṣe ní àkànṣe ni a fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Bí lẹ́tà náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ń kà á, àmì tí kò nítumọ̀ ni yóò rí. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé wa àtijọ́ gbé wọ ìkànnì. Ní ti àwọn tí a fi Unicode tẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà kọ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ: kí ó fi àmì ohùn lé orí ẹ, tàbí kí ó fi àmì sí abẹ́ é. Lójú ènìyàn, bákan náà ni wọ́n rí. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ń wá nǹkan kì í fi àmì sí i rárá. A kò lè torí ìyẹn kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, nítorí pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí a ṣe ni pé a fi àkọtọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ gan-an, a sì lo ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì nínú àdírẹ́sì ojú-ìwé, kí ìlẹ̀kùn méjèèjì lè ṣí.

A ṣe àwọn àtúnṣe mẹ́rin yìí láìná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó. Díẹ̀díẹ̀ ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn tí ń wá oríkì Oníkòyí, Ọlọ́fà àti Òpómúléró. Obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti òkè òkun pé òun gbọ́ ohùn ìyá ìyá òun nínú ẹkún ìyàwó kan, ohùn tí òun kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá náà. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lórí WhatsApp. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tí ó yà sí ojú-ìwé kan ṣoṣo yẹn pọ̀ ju àwọn tí ó wá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì gbọ́ ọ parí.

6. Ohun tí ó ti yí padà

Ó yẹ kí n fi kan kún un. Láti ọdún 2024 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ kọ ìdáhùn sí òkè àbájáde rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í fi í yà sí ìkànnì kankan mọ́. Ìkànnì tí kò ní ju ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lọ ni èyí yóò kọ́kọ́ pa lára. Ẹ̀rọ lè sọ ohun tí ẹkún ìyàwó jẹ́ ní gbólóhùn mẹ́ta. Kò lè sọ ohùn ìyá ẹni di gbólóhùn mẹ́ta. Ohun tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ wa nìkan ni ó wà, òun ni ó yẹ kí a tọ́jú jù.

7. Ìkádìí

Èsì mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí. Ìpolówó ni ó ń mú àlejò wá. Àkóónú ni ó ń sọ àlejò di oníbàárà, tí ó sì ń sọ oníbàárà di ẹni tí ń polówó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, àkóónú ni ó ṣe pàtàkì jù, ṣùgbọ́n àkóónú tí a kò là ọ̀nà sí kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ọ̀nà lílà yìí ni àwa méjèèjì gbàgbé nígbà tí à ń jà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, àti fún gbogbo ẹni tí ó bá ní irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ni pé kí a kọ́kọ́ da ohun tí ó wà nílẹ̀ kọ, kí a sì fún un ní orúkọ tí aráyé fi ń wá a. Lẹ́yìn èyí, kí a lọ gba ohùn àwọn àgbà tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀, nítorí pé ìpolówó lè dúró di ọdún tí ń bọ̀ ṣùgbọ́n àgbà kò lè dúró. Lẹ́yìn méjèèjì ni kí a tó ná díẹ̀ lórí ìkéde, fún àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n ń wá ohun tí a ní. Kí a má sì tún ra èrò láé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo pa òwe ọlọ́bẹ̀ fún ní ìpàdé ọjọ́sí. Òótọ́ ni pé ọlọ́bẹ̀ ni ó lọkọ, ṣùgbọ́n ọkọ kò lè jẹ ọbẹ̀ tí a gbé pamọ́ sínú àjà.